Iṣẹ́ wo ni báńkì àpapọ̀ gbọ́dọ̀ parí kí owó Eco tó lè dé?

Ọmọ Alágbàka (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ará Oǹdó àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ọ̀rọ̀ owó Eco tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹ́ máa jọ ná dá awuyewuye sílẹ̀. Ẹnì kan sọ pé ọdún 2027 ni àwọn olórí dá, pé náírà yóò kógbá wọlé nígbà náà, àti pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó tí ìsanpadà rẹ̀ yóò kọjá ọdún yẹn, kí owó ẹgbẹ́ má baà wọmi. Àgbà kan fèsì pé láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni òun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, òun kò sì tíì rí i. A tú ká láìfẹnu ọ̀rọ̀ jóná.

Kì í ṣe bóyá Eco dára tàbí kò dára ni mo fẹ́ kí á jíròrò lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iṣẹ́ tó já lé báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè léjìká láàárín ọjọ́ tí àwọn olórí bá fọwọ́ síwèé àti ọjọ́ tí owó tuntun bá dé ọwọ́ ará ọjà. Bí a bá mọ iṣẹ́ náà, àwa fúnra wa lè máa wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é. Mo tún fẹ́ ìdáhùn tí mo lè mú padà lọ bá ẹgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó.

Àgbà Oníbáńkì, Àkúrẹ́

Ọmọ Alágbàka, o kú ìbéèrè. Báńkì olókòwò ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ojú ẹni tí báńkì àpapọ̀ ń pàṣẹ fún ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Owó àjọná kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀, tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà sì jọ ń ná owó kan náà. Àwọn bàbá wa tó ta kòkó ní Oǹdó láyé ìgbà náà gba owó tí àgbẹ̀ Kùmásí náà ń gbà. Gánà kọ́kọ́ yọ ara rẹ̀ ní 1958. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó pọ́n-ùn tiwa jáde; ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà gbapò pọ́n-ùn náà, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún tí Currency Board fi wà, kò lè tẹ owó láti fi yá ìjọba, nítorí pé owó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó pamọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ló dúró fún gbogbo owó tí wọ́n bá kó síta. Báńkì àpapọ̀ òde òní lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ tó le jù nínú ìmúrasílẹ̀ wà.

Òfin Báńkì Àpapọ̀ wa ti ọdún 2007, ní abala 38, sọ pé owó tí báńkì náà lè yá ìjọba àpapọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba ní ọdún tó ṣáájú, kí wọ́n sì san án padà kí ọdún tó parí. Òdiwọ̀n tí ECOWAS ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dé kí ó tó wọ Eco fàyè gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ọdún tó ṣáájú. Nínú ìwé, òfin tiwa ti le tó. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, irú ẹ̀yáwó yìí, tí wọ́n ń pè ní Ways and Means, ti ga dé tírílíọ̀nù 22.7 náírà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì ní láti fọwọ́ sí i kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń ṣe báyìí nínú owó àjọná, ó dà bí ẹgbẹ́ èésú tí ẹnì kan ń kó owó níwájú àsìkò rẹ̀ tí àwọn yòókù sì ń dá a: ọ̀wọ́ngógó ọjà tí ẹ̀yáwó náà bá fà kò ní dúró sí Àbújá, yóò dé Freetown àti Banjul. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé bí báńkì àpapọ̀ kò bá tíì lè wí fún ìjọba ara rẹ̀ pé “rárá,” kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀, ìpàdé yòówù kí ó máa lọ.

Àwọn òdiwọ̀n yòókù ṣe é sọ ní ṣókí. Iye tí ìjọba ná ju owó tó wọlé fún un kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún. Ọ̀wọ́ngógó ọjà kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10. Owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà nípamọ́ gbọ́dọ̀ tó ra ọjà òkèèrè fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo gbèsè ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ọdún kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iye pàṣípààrọ̀ owó kò gbọdọ̀ yí padà ju ìdá 10 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Oníkòkó Oǹdó

Àgbà, a dúpẹ́ o. Kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí mo sì ń kó fún àwọn tó ń fi ránṣẹ́ sókè òkun. Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni wọ́n ti ń dá iye rẹ̀. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tọ́ọ̀nù kòkó lówó náírà fò sókè ju bí ó ti fò lókè òkun lọ. Inú àgbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí oògùn kòkó, ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀ náà fi bá a lókè.

Ìbéèrè mi ni pé, bí a bá wọ Eco, ta ni yóò máa pinnu iye tí Eco yóò jẹ́ sí dọ́là? Ní Gánà, COCOBOD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kòkó, ló ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ní tiwa, láti ìgbà tí ìjọba ti pa àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko rẹ́ ní 1986, olùrà àti àgbẹ̀ ló ń dúnàádúrà. Bí owó bá di ọ̀kan, gbogbo èèyàn yóò rí ìyàtọ̀ iye náà láìṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò, kòkó yóò sì máa wá ọ̀nà gba ẹnubodè lọ sí ibi tí iye ti ga. Ǹjẹ́ àwọn báńkì àpapọ̀ tilẹ̀ ń ro irú èyí?

Olùkọ́ Ọrọ̀-Ajé

Ẹ̀gbọ́n wa Oníkòkó, orí kókó tí ìmúrasílẹ̀ ti pín sí méjì ni ìbéèrè yín bọ́ sí. Ní ìpàdé àwọn olórí ECOWAS ní Àbújá ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2019, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ Eco, wọ́n fẹnu kò pé ọjà ni yóò máa dá iye owó náà, pé báńkì àpapọ̀ àjọ náà yóò sì máa fojú sí ọ̀wọ́ngógó ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní Abidjan, Ààrẹ Ouattara àti Ààrẹ Macron kéde pé owó CFA tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ inú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń ná CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń ná ni yóò di Eco, àti pé yóò ṣì máa so mọ́ owó Yúrò. 655.957 CFA sí Yúrò kan ni ìdè náà títí di òní. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn mínísítà ìṣúná àti gómìnà báńkì àpapọ̀ ti Nàìjíríà, Gánà, Gáḿbíà, Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone fi pàdé ní Àbújá, tí wọ́n sì sọ pé ìkéde yẹn kò bá ohun tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí mu.

Kì í ṣe àríyànjiyàn orúkọ lásán. Báńkì tó so owó rẹ̀ mọ́ Yúrò gbọ́dọ̀ kó owó òkèèrè pamọ́ kí ó lè gbèjà ìdè náà, kò sì ní lómìnira púpọ̀ lórí èlé. Báńkì tó jẹ́ kí ọjà dá iye owó rẹ̀ nílò ìmọ̀ láti sọ ibi tí ọ̀wọ́ngógó ń lọ, àti okun láti gbé èlé sókè nígbà tí inú ìjọba kò dùn sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ óò kọ́ fún ti àkọ́kọ́ kọ́ ni ẹ óò kọ́ fún ti èkejì, nítorí náà a kò lè parí ìmúrasílẹ̀ nígbà tí a kò tíì mọ èyí tí a ń múra fún.

Ohun mìíràn tún wà. Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n wọn kò jáde kúrò nínú UEMOA, CFA náà ni wọ́n ṣì ń ná. BCEAO, báńkì àpapọ̀ UEMOA tó wà ní Dakar, ń ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí kò sí nínú àjọ tó fẹ́ dá Eco sílẹ̀. Èmi kò rí ọ̀nà tí a óò gbà fo èyí dá.

Ní ti kòkó, ẹ̀gbọ́n, iye tí ìjọba Gánà dá fún àgbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ báńkì àpapọ̀. Owó àjọná kò ní fòpin sí fàyàwọ́ fúnra rẹ̀, yóò kàn mú un rọrùn láti ṣírò.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tí Ọmọ Alágbàka béèrè wá, nítorí pé ìtàn Yúróòpù dáhùn rẹ̀ kedere.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Maastricht ní oṣù Kejì ọdún 1992. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994 ni European Monetary Institute bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwọn báńkì àpapọ̀ jọ kí wọ́n lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa ka owó, bí wọn yóò ṣe máa kọ ìwé ìṣirò, àti bí owó yóò ṣe máa rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Oṣù Kẹfà ọdún 1998 ni European Central Bank gbapò rẹ̀ ní Frankfurt. Nígbà tí ọdún 1998 ń parí lọ, wọ́n de iye owó orílẹ̀-èdè mọ́kànlá pọ̀ mọ́ Yúrò títí láé: máàkì Jámánì 1.95583 di Yúrò kan. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó fọwọ́ kan bébà owó Yúrò títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, inú ìwé báńkì nìkan ni Yúrò wà.

Lórí gbèsè, wọ́n ṣòfin ṣáájú pé yíyí owó padà kò fagi lé àdéhùn kankan. Ẹni tó jẹ gbèsè ní máàkì ṣì jẹ ẹ́, iye tí wọ́n dè náà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ sí Yúrò, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé oókan kúrò lára nọ́ńbà ìpààrọ̀ náà kí ìṣirò lè rọrùn fún un. Nígbà tí Croatia wọlé ní ọdún 2023, kuna 7.53450 ni wọ́n fi dè é, àwọn ilé ìtajà sì ti ń kọ iye ọjà ní owó méjèèjì láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, kí oníṣòwò má baà fi ìyípadà bojú gbówó lé ọjà.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bébà owó ló kan èmi jù. Ẹ̀yin náà rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Mo tò sẹ́nu báńkì kan láti ìdájí, ojú ọ̀sán ni wọ́n tó fún mi ní ìwọ̀nba tí kò tó ra oúnjẹ ilé, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà wà lórí igbá tí wọn kò rí owó san. Ọ̀pọ̀ wa gba owó orí fóònù nígbà náà, owó náà kò sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Náírà sí náírà ni ìyẹn o. Báwo ni ti orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó báyìí yóò ṣe rí, tí owó gbogbo wọn yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan?

Àgbà Oníbáńkì, Àkúrẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì ju bí àwọn onímọ̀ ṣe máa ń kà á sí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn bébà 200, 500 àti 1,000 náírà yóò yí àwọ̀ padà. Àárín oṣù Kejìlá ni owó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n sì fi ṣe òpin fún ti àtijọ́. Wọ́n sún un díẹ̀ síwájú, kó tó di pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí ti àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínáwó. Láti ìkéde dé òpin, kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ wá wo ti Yúróòpù. Kí ọjọ́ ìyípadà tó pé, wọ́n ti tẹ bébà tó tó bílíọ̀nù 15. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, oṣù mẹ́rin gbáko ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn báńkì àpapọ̀ ti ń kó owó tuntun lọ sí àwọn báńkì olókòwò, àwọn báńkì wọ̀nyí náà sì ń kó o fún àwọn ilé ìtajà. Nínú oṣù Kejìlá, ará ìlú lè ra àpò kékeré tí owó onírin wà nínú rẹ̀ kí ojú wọn lè mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n ná owó méjèèjì pọ̀ fún bí oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, báńkì àpapọ̀ Jámánì ṣì ń gba máàkì àtijọ́ pààrọ̀ títí di òní, kò sì fi ọjọ́ kankan ṣe òpin rẹ̀. Ìyá àgbà tó fi owó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò pàdánù nǹkan kan.

Nítorí náà, ìyá wa, ohun tí ẹ óò fi mọ̀ pé Eco ń bọ̀ lóòótọ́ ni pé ẹ óò ti rí àwòrán bébà náà, ẹ óò ti mọ iye tí náírà jẹ́ sí i, iye aṣọ yín yóò sì ti wà ní owó méjèèjì lára igbá, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ní kí ẹ kó náírà yín wá. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ máa tà, ẹ máa rà.

Ọmọ Ìdànrè

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, èmi kò gbà pé ìmúrasílẹ̀ báńkì ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Olùkọ́ dárúkọ pé ojú òdiwọ̀n lónìí. Bí iye epo rọ̀bì bá já lulẹ̀ lọ́la, Nàìjíríà tó ń ta epo yóò nílò owó tó rọlẹ̀ àti èlé tó kéré, nígbà tí Gáḿbíà àti Làìbéríà tó ń ra epo yóò wà nínú ìdẹ̀rùn tí wọn yóò sì fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Èlé kan ṣoṣo ni báńkì àjọ lè dá. Robert Mundell, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti kọ̀wé lórí irú ìṣòro yìí láti ọdún 1961. Bẹ́ẹ̀ sì ni Nàìjíríà nìkan ló tó ìdajì àwọn èèyàn ECOWAS: bí wọ́n bá fi iye èèyàn dìbò, àwọn yòókù yóò ní a ti gbé wọn mì, bí ó bá jẹ́ ìbò kan fún orílẹ̀-èdè kan, àwa ni a óò máa tẹ̀lé àwọn tí kò tó ìpínlẹ̀ kan nínú tiwa.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni yóò gba nọ́ńbà ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́? Gíríìsì wọ Yúrò ní 2001. Ní 2004 ni àtúnyẹ̀wò ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé owó tí ìjọba rẹ̀ ń ná kọjá owó tó ń wọlé ti ju ìdá 3 lọ ní àwọn ọdún tí wọ́n fi gbà á wọlé.

Olùkọ́ Ọrọ̀-Ajé

Àbúrò mi láti Ìdànrè, ọ̀rọ̀ epo tí o sọ wúwo, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Ohun tó lè dín in kù ni kí àpò kan wà tí àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún yóò máa dá sí, tí a óò fi gbé àwọn tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún dìde, ìyẹn sì kọjá agbára báńkì àpapọ̀. Ìjọba ló lè ṣe é. Ní ti ìbò, ìbò kan fún gómìnà kan ni European Central Bank fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iye èèyàn àti ọrọ̀ ni wọ́n fi pín owó ìdásílẹ̀ àti owó òkèèrè tí báńkì kọ̀ọ̀kan dá: owó òkèèrè náà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 40 Yúrò, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù pé a óò gbé wa mì, ẹ béèrè pẹ̀lú pé mélòó nínú dọ́là tó wà nípamọ́ wa ni a óò gbé fún báńkì tí a kò ní jẹ́ olórí rẹ̀.

Lórí nọ́ńbà, mo bá ọ gbà pátápátá, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà wa jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di 24.48. Kì í ṣe pé gààrí já lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba. Àjọ Ìṣirò ló yí ọdún ìpìlẹ̀ padà láti 2009 sí 2024, tí wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni, torí pé ohun tí à ń rà ní 2009 kọ́ ni à ń rà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò pé òdiwọ̀n ìdá 10 kan náà ni a fẹ́ fi wọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe àti èyí tí tirẹ̀ ti gbó. Kí Yúrò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò fi máa ka iye ọjà. Nígbà tí Lituéníà bẹ̀bẹ̀ láti wọlé ní 2006, ìdá 2.7 ni ọ̀wọ́ngógó rẹ̀, òdiwọ̀n jẹ́ 2.6, wọ́n dá a padà, ọdún 2015 ló tó wọlé. Ó le lójú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí òdiwọ̀n wà fún nìyẹn. Ní tiwa, ọdún 2003, 2005, 2009, 2015 àti 2020 ni a ti dá rí. Bí ọjọ́ bá ti súnmọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè kò pé ojú òdiwọ̀n, ọjọ́ ni a ń sún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n wá dá 2027.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Kí a má gbàgbé ohun tó ti yọrí sí rere. West African Monetary Institute, ilé iṣẹ́ tó ń múra owó àjọná sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, wà ní Àkrà láti ọdún 2001. Nínú iṣẹ́ tí ó bójú tó pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, Gáḿbíà, Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone ní ẹ̀rọ tí owó ńlá fi ń kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n ṣí PAPSS ní Àkrà, ìlànà ìsanwó tí oníṣòwò Nàìjíríà fi lè san náírà kí ẹnìkejì rẹ̀ ní Gánà sì gba sídì, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wá dọ́là kiri. Àwọn báńkì àpapọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ni wọ́n fi dán an wò.

Oníkòkó Oǹdó

Ìyẹn wúlò fún mi lónìí ju Eco ọ̀la lọ. Ojú dọ́là ni mo máa ń wò kí n tó lè san owó àpò ìdìkòkó tí mo ń rà láti Gánà. Mo máa béèrè lọ́wọ́ báńkì mi bóyá wọ́n ti wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Alágbàka

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ku ìbéèrè kan fún Àgbà Oníbáńkì. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ kan lówó fún ọdún mẹ́ta láti kọ́ ilé ìtajà sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Ṣé kí a fi ọ̀rọ̀ Eco sínú ìwé àdéhùn ni, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Àgbà Oníbáńkì, Àkúrẹ́

Ẹ yá a lówó náà, bí ohun ìdúró rẹ̀ bá dára. Ẹ fi gbólóhùn kan kún ìwé àdéhùn: pé bí owó orílẹ̀-èdè bá yí padà kí gbèsè tó tán, iye ìpààrọ̀ tí òfin bá fi lélẹ̀ ni a óò fi ṣírò ohun tó kù, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ yín bá yín wò ó. Kí ẹ sì fi ọ̀wọ́ngógó ọjà sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń dá èlé, nítorí pé láàárín ọdún mẹ́ta, ìyẹn súnmọ́ owó ẹgbẹ́ yín ju Eco lọ.